Ìyá Kékeré Ń Kọ́ Yorùbá ní Dacula

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025
Fẹ́misí ọmọ mi ti lọ síbi iṣẹ́ ní ọsibítù. Edith ìyàwó rẹ̀ ti lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Tucker, ní Amẹ́ríkà níbí. Ìyá Kékeré — Hephzibah, ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tó gbé ojú ìyàwó mi olóògbé wá — ti wọ bọ́ọ̀sì iléèwé. Ó ku èmi àti fìríìjì. Tí wọ́n bá dé nírọ̀lẹ́, ó ti rẹ oníkálukú, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń bá ara wọn sọ. Mo ti pinnu: màá kọ́ ọmọ yìí ní Yorùbá. Ó kéré tán, ẹnì kan á wà tí a óò jọ máa tàkúrọ̀sọ.

Ìṣẹ́gun, 7
Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Kúnlẹ̀ kí mi, dìde, káwọ́ sẹ́yìn, kà á tẹ̀lé mi: orí, ojú, etí, èjìká. Bí mo ṣe ń ṣe é nígbà tí mo jẹ́ tíṣà ní Ìkirè nìyẹn. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á wà lórí ìdúró títí á fi mọ̀ ọ́n. Ó mọ gbogbo rẹ̀. Inú mi dùn.

Ọjọ́bọ̀, 9
Ó ti gbàgbé! Mo fọwọ́ kan èjìká, mo ní kí ni eléyìí? Ó ń wolẹ̀. Mo ní agídí nìyẹn, mo jágbe mọ́ ọn. Orí ìdúró náà ni ìyá rẹ̀ bá a, omijé lójú. Edith fà á lọ́wọ́ wọ yàrá lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀.

Àbámẹ́ta, 11
Edith ti sọ̀rọ̀. Ó gbé tíì fún mi, ó kúnlẹ̀: “Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kì í ṣe agídí. Tí ẹ̀rù bá ti ń ba ọmọ, brain ẹ̀ á kàn lock. Ohun tó mọ̀ gan-an ò ní jáde.” Ó ní wọ́n kọ́ àwọn tíṣà ní training wọn pé inú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí ọmọ kọ́ sí àyè rẹ̀, pé kí n jẹ́ kó gbìyànjú láti rántí fúnra rẹ̀, kí n fi ọjọ́ kan sí méjì sílẹ̀ kí n tó tún bi í, pé ó yẹ kí gbogbo tíṣà mọ̀ ọ́n.

Mo ti sọ Edith ní Ọ̀gá Ọpọlọ. Mo kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò rí ọpọlọ ẹnikẹ́ni rí. Àwọn bàbá wa ṣáà ti ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n — àmọ́ ṣé ó ṣeé sọ níwájú ìyàwó ọmọ? Mo ní mo ti gbọ́. Mo ní ẹ̀kọ́ ti parí.

Àìkú, 12
Ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ará ìjọ ní “Daddy, ẹ kú Sunday o,” wọ́n sáré lọ sídìí mọ́tò wọn.

Ọjọ́rú, 15
Kò sẹ́ni tó béèrè ẹ̀kọ́. Ìyá Kékeré ń yọ́ ẹsẹ̀ kọjá lára mi. Ó dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ.

Ẹtì, 17
Mò ń ṣa ẹ̀wà ní kíṣìnì. Ìyá Kékeré wá jókòó, ó ń bá mi ṣa. Mi ò bi í ní nǹkan kan. Ṣàdédé ló fọwọ́ kan ara rẹ̀, ó ní èjìká. Mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Ó tún ní etí. Orúnkún — èyí tí mo kàn dárúkọ lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà tí tèmi ń dùn mí. Òótọ́ ni Ọ̀gá Ọpọlọ sọ. Mi ò tíì ní sọ fún un.

Ajé, 20
Bọ́ọ̀sì já Ìyá Kékeré sílẹ̀. Ó kí mi tán, ó ní òun mọ odindi gbólóhùn kan. Ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò, àmọ́ mo gbọ́ ọ yékéyéké: “Kò mà sẹ́ni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ nílé yìí.”

Mo béèrè ẹni tó kọ́ ọ.

“You, Grandpa. You say it when you wash plates.”

Mi ò mọ̀ pé mo máa ń sọ ọ́ síta. Mi ò ní kó kà á tẹ̀lé mi, mi ò ní kó dúró. Ó kàn ń gbọ́ ọ, ó sì wọ̀ ọ́ lórí. Ó ní kí ló túmọ̀ sí. Ọ̀ràn dé. Tíṣà kì í purọ́ fún ọmọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ó sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, “Èmi ńkọ́?”

Mo fa àga kan sún mọ́ tèmi, mo ní, “Jókòó, jẹ́ ká sọ̀rọ̀.”