Kò Sí Bàtà Mọ́ Lẹ́nu Ọ̀nà

Ayin Tazart,
Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀.

Sí ọmọ mi, Wijdan,

Kí Ọlọ́run tó mú ọ dé Kasabulanka máa wà pẹ̀lú rẹ níbẹ̀, kó má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ lójú títì, kó má jẹ́ kí òtútù etí òkun wọ̀ ọ́ léegun, àmín. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ò ń jẹun? Ṣé ìyá onílé yín ṣì ń pariwo nítorí omi? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ewúrẹ́ tó ní àmì funfun níwájú orí yẹn ti bí ìbejì, ọ̀kan kú, èkejì ń fò kiri ó sì ti jẹ etí bẹ́ẹ̀dì wa. Igi ólífì ẹ̀yìn ilé kò so tó ti èṣí. Wo ìwé yìí dáadáa kí o tó kà á lọ, ọwọ́ èmi ìyá rẹ gan-an ni, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni kọ ọ́, kíláàsì àwọn obìnrin tó wà ní mọ́sálásí ló gbé mi débẹ̀, olùkọ́ wa sì ní ohun tí mò ń kọ tóbi bí ìṣù búrẹ́dì ṣùgbọ́n ó ṣeé kà.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé tí mi ò pè ọ́ ni pé fóònù ń pariwo. Bí mo bá sọ̀rọ̀ nínú yàrá, bàbá rẹ á gbọ́, bí mo bá sì jáde sí oko, àwọn tó wà nínú òpó fóònù orí òkè yẹn á gbọ́, torí Hajja Itto aládùúgbò wa sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá, ojú ì bá máa tì wọ́n ni. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ sì ni mo fẹ́ sọ. Láti ìgbà tí ìyá àgbà ti kú ni wọn ò ti jẹun bí ènìyàn mọ́. Wọ́n ti gbà lọ́kàn pé àwọn ni àwọn pa ìyá àwọn. Kò sí ẹni tó lè yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò lọ́kàn wọn àfi ìwọ, ìyẹn ni mo fi ń bá bírò jà láti àárọ̀.

Lórí fóònù a sọ fún ọ pé ooru ilé ìwẹ̀ ló mú ìyá àgbà lọ, pé àgbà ti dé sí wọn, a sì ní kí o má fi iṣẹ́ sílẹ̀ torí kí o tó débí wọ́n á ti sin wọ́n. Òótọ́ kò pé nínú ohun tí a sọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí iṣẹ́ rẹ, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

O rántí pé nígbà Iléyá tí o wálé, bàbá rẹ bi ọ́ pé kí ni iṣẹ́ tí ò ń ṣe gan-an, o sì ní inú kóró kọ̀ǹpútà lo ti ń ṣiṣẹ́. Ó jọ mí lójú. Nígbà tí o sùn, mo la dàbínù kan, mo wo kóró rẹ̀ yípo, mi ò rí àyè tí ènìyàn lè jókòó sí, mo sì gbàdúrà fún ojú rẹ. O ní nínú kóró yìí, ibì kan wà tí àwọn púpọ̀ ti ń wá kàwé, iye tó bá wù wọ́n lè jọ máa kà á, ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó fẹ́ kọ nǹkan bá dé, tó fẹ́ yí ohun tó wà níbẹ̀ padà, òun nìkan ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn tó ń kà á á ka ìdajì ti àtijọ́ pọ̀ mọ́ ìdajì tuntun, gbogbo nǹkan á dàrú, kọ̀ǹpútà á sì kú. O ní iṣẹ́ rẹ ni pé kí akàwé àti akọ̀wé má kọlu ara wọn.

Inú bàbá rẹ dùn débi pé wọ́n da tíì sílẹ̀ dípò inú ife. Èmi, forí jì mí, ọkàn mi bàjẹ́ díẹ̀. Mo ní gbogbo ilé ìwé tí a rán ọmọ yìí lọ, ẹnu ọ̀nà náà ló tún padà wá jókòó sí bíi tèmi nílé ìwẹ̀. Mi ò sọ fún ará àdúgbò o, mo ní ọ́fíìsì lo wà. Mo bi ọ́ bóyá wọ́n fún ọ ní tìmùtìmù, bóyá àwọn akàwé náà máa ń ta ọ́ lọ́rẹ bí wọ́n bá ń jáde, o rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ. O tún ní kọ̀ǹpútà kan kú mọ́ yín lọ́wọ́ nítorí irú ìkọlù bẹ́ẹ̀, mo ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, mo bi ọ́ bóyá ó fi ọmọ sáyé lọ. O ní àgádágodo tí ẹ ń lò ń dà yín láàmú, pé gbogbo wọn ló ń du ú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn ni mo fi fi tìmùtìmù àti àgádágodo aká bàbá àgbà rán dírẹ́bà bọ́ọ̀sì sí ọ, o ò tíì sọ bóyá ó wọ ilẹ̀kùn yín.

Mo wá ní ilé ìwẹ̀ wa náà nìyẹn. Àwọn obìnrin tó ń wẹ̀ ni akàwé, ogún wọn lè jọ wẹ̀ kí ọṣẹ dúdú ẹnì kan má kan ẹlòmíràn. Bàbá rẹ ni akọ̀wé. Ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n wà pẹ̀lú iná wọn, bí ihò èéfín bá dí, wọ́n gbọ́dọ̀ fi irin gún un, bí wọ́n bá sì ti gún un, inú yàrá gbígbóná ni gbogbo èéfín ń gbà jáde, ẹ̀mí kankan kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀. Wọn ò rí wa. Wọ́n á kan páìpù lẹ́ẹ̀kan pé àwọn fẹ́ gún ihò, èmi á fi abọ́ idẹ kàn án lẹ́ẹ̀mejì pé ilé ti ṣófo. Mo sọ wàhálà mi fún ọ, pé ilé kì í ṣófo. Eléyìí á ní kí n jẹ́ kí òun kàn ṣan ara, ṣebí àwọn kan ṣì wà nínú ilé, kí ni òun nìkan fẹ́ bàjẹ́? Kí àwọn tó wà nínú ilé tó jáde, òmíràn á tún ti wọlé, bàbá rẹ á sì wà lẹ́yìn ògiri tí wọ́n á máa wúkọ́. O pàtẹ́wọ́, o ní ohun tó ń bá ẹ̀yin náà jà nìyẹn, pé akọ̀wé lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ebi á fi pa á. O ní bí ẹ ti ń ṣe é ni pé bí akọ̀wé bá ti dé, ẹ ò ní gba ẹni tuntun wọlé mọ́, àwọn tó wà nínú ilé á parí, wọ́n á jáde, kó tó kan òun. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí o lọ, ó sì ṣiṣẹ́! Hajja Itto bi mí bóyá wúrà ìgbéyàwó mi ni mo fi ra ilé ìwẹ̀, mo ní òfin kọ̀ǹpútà Kasabulanka ni.

Ohun kejì tí o sọ ni mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. O mọ̀ pé tẹ́lẹ̀, kí n tó kan páìpù, mo máa ń wọlé fúnra mi, màá fi ọwọ́ wá gbogbo kọ̀rọ̀ yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta torí ooru kò jẹ́ kí ojú ríran, màá máa ké pé ta ló kù o. Orúnkún mi kò gbà á mọ́. O wò mí bí mo ti ń tẹ̀ ẹ́, àánú mi ṣe ọ́, o ní Mama, kí lẹ tún ń wọlé wá ṣe? O ní níbi iṣẹ́ tiyín ẹ kì í wọlé lọ wò, pé kíkà lẹ máa ń kà wọ́n, ẹni tó wọlé ẹ fi kún un, ẹni tó jáde ẹ yọ ọ́, bí kò bá ti ku nǹkan kan, ilé ti ṣófo nìyẹn. O nawọ́ sí bàtà àwọn obìnrin tó wà lẹ́sẹ̀ mi, o ní ẹ wò ó, ẹ ti ní òǹkà yín níbẹ̀, bí bàtà bá ti tán, ẹ kan páìpù. Mo súre fún ọ lọ́jọ́ náà. Orúnkún mi náà súre fún ọ.

Ó wá di ọjọ́bọ̀ yẹn. Yamna ìyàwó Miloud, àbúrò bàbá rẹ, fi kúbùsù onírun pọ̀n ìyá àgbà wá, wọ́n ní eegun àwọn ń fẹ́ ooru. Mo fẹnu ko orí wọn. Wọ́n bèèrè rẹ, wọ́n bi mí bóyá àwọn akàwé yẹn ń yọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé kí o má gbà fún ẹni tó bá fẹ́ já ìlà. Ni wọ́n bá wọlé lọ. O mọ̀ pé ìyá àgbà kò ní bàtà mọ́ láti ìgbà tí ẹsẹ̀ wọn ti kọ iṣẹ́.

Lẹ́yìn ìrun àsárì, bàbá rẹ kan páìpù lẹ́ẹ̀kan, iná ti ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Mo ti ẹnu ọ̀nà mọ́ àwọn tuntun bí o ti kọ́ mi. Àfi bí àwọn tó ń mú ìyàwó wá wẹ̀ láti ìsàlẹ̀ abúlé ṣe dé, pẹ̀lú làálì, pẹ̀lú báfù, pẹ̀lú ariwo, wọ́n ní ta ni mí tí màá fi dá ìyàwó dúró, ọ̀kan fa ìborí mi ya, èmi náà sì la apá mi dí ọ̀nà. Àwọn tó wà nínú ilé ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wọ bàtà wọn lọ. Yamna náà jáde, kúbùsù ìyá àgbà wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹrù sì wà nínú rẹ̀, ó sọ nǹkan kan fún mi tí ariwo kò jẹ́ kí n gbọ́, mo rò pé Mma, ìyá àgbà, ló pọ̀n, mo ní kó bá mi kí wọn. Aṣọ tútù àti tówẹ̀lì ló wà nínú kúbùsù náà. Ohun tó sọ ni pé ọṣẹ ti mú ara wọn yọ̀, òun kò lè dá wọn gbé, òun fẹ́ lọ pe Miloud. Mo wo ilẹ̀. Kò sí bàtà kankan mọ́. Mo kan páìpù lẹ́ẹ̀mejì.

Yamna àti Miloud dé, wọ́n bi mí pé Mma dà. Nígbà tí a fi máa rí ọ̀nà wọlé nínú èéfín yẹn, Mma ti fẹ̀yìn ti ògiri, abọ́ wà lórí itan wọn, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n bu omi fún òun. Mi ò lè kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìyẹn.

Bàbá rẹ wá ní ẹnikẹ́ni kò kan páìpù. Wọ́n ní báfù àwọn ará ìyàwó ló dún tí àwọn fi ìkánjú gún ihò. Mo ní èmi ni, ọwọ́ mi yìí ni mo fi kàn án. Wọ́n wò mí, wọ́n ní Yezza, ìyàwó rere ni ọ́, ṣùgbọ́n yé parọ́ nítorí mi. Wọ́n mọ̀ mí ni. Wọ́n mọ̀ pé láti ọdún tí a ti fẹ́ ara wa, mi ò kan páìpù rí láìjẹ́ pé mo ti fọwọ́ wá gbogbo kọ̀rọ̀. Wọn ò mọ̀ pé mo ti dáwọ́ rẹ̀ dúró. Bí mo bá sì sọ ọ́, wọ́n á bi mí pé ta ló sọ fún mi pé kíka bàtà ti tó. Níbi ìsìnkú, pẹ̀lú gbogbo ẹkún yẹn, wọ́n di lèmọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mú, wọ́n ní ọmọ àwọn ń ṣọ́ akàwé àti akọ̀wé ní Kasabulanka, ẹnikẹ́ni kò sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́ rí, àwọn fúnra àwọn, tí àwọn ní ògiri kan ṣoṣo, ni kò lè ṣọ́ ọ.

Miloud kì í kí bàbá rẹ mọ́. Ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù ó ní ẹni tó di irin mú ló pa Mma, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ dídùn bo òun lójú. Yamna kàn ń sunkún ni. Ilé ìwẹ̀ ti tutù, onílé ìwẹ̀ wá bèèrè ìgbà tí wọ́n máa dáná, bàbá rẹ gbé irin fún un, wọ́n ní kó lọ wá ọwọ́ mìíràn. Síbẹ̀ ẹnu ààrò yẹn ni wọ́n máa ń jókòó sí, níbi tí kò ti sí iná. Màá gbé ọbẹ̀ lọ, màá tún gbé e padà.

Fìdáù ogójì ọjọ́ ti ń bọ̀, bàbá rẹ àti Miloud á jọ jókòó níwájú àwọn àgbà. Mo fẹ́ kí bàbá rẹ ti mọ̀ kó tó dìgbà náà. Jọ̀ọ́, wálé. Sọ fún wọn fúnra rẹ, tàbí kí o kọ̀wé pé kí n sọ ọ́. Bí o bá ní kí n pa á mọ́, màá pa á mọ́, ìyá rẹ ni mí, ṣùgbọ́n mo ń rí bàbá rẹ bí wọ́n ti ń gbẹ. Mi ò bá ọ wí o, mo fi Ọlọ́run búra. Ohun tí o mọ̀ lo sọ fún mi, àánú orúnkún mi lo sì ṣe.

Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún kuskusu àti àgùntàn fìdáù, bí kò bá sí, máa bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Má fi ránṣẹ́ gba ẹ̀rọ inú ògiri báǹkì yẹn, ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn ó gbé káàdì mi mì, ó ní kí n sọ nọ́ńbà àṣírí mi níṣojú gbogbo ènìyàn, mo ní èmi kì í sọ àṣírí fún ògiri. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ni kí o fún.

Ọlọ́run á ṣọ́ àtiwọlé rẹ, á ṣọ́ àtijáde rẹ, kò ní jẹ́ kí wọ́n ṣèèṣì ka orúkọ rẹ mọ́ àwọn tó ti lọ, á fún ọ ní ọmọ tí yóò pọ̀n ọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ bá kọ iṣẹ́, àmín.

Èmi ìyá rẹ,
Yezza.

Mo ti fẹ́ ká ìwé yìí kí n tó rántí ohun kan tí mo fẹ́ bi ọ́. Níbi iṣẹ́ tiyín, ẹni tí ẹlòmíràn bá pọ̀n wọlé, ṣé ẹ máa ń kà á? Bí ẹ kì í bá kà á, jọ̀ọ́ ọmọ mi, dìde lórí tìmùtìmù tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ, kí o wọlé lọ wò.