Ọkọ Alága Lẹ́yìn Káńtà

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹta

Ó tún dé lónìí. Ọ̀gá láti ọ́fíìsì Ẹkùn, àwọn tó ń bójú tó gbogbo ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Bàtà ń dán, irun ń dán. "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá." Bàbá! Bí mo bá jù ú lọ, bóyá ọdún méjì.

Kì í ṣe èmi ló wá rí. Ìyàwó mi ni. Òun ni Alága ẹ̀ka wa láti ọdún tó kọjá. Ta ló fà á kalẹ̀? Èmi náà ni. Mo rò pé bí obìnrin mi bá jókòó sórí àga, èmi ni n óò máa pàṣẹ látẹ̀yìn. Àfi bí mo ṣe di "Ọkọ Alága" lẹ́nu gbogbo oníbàárà.

Ọkùnrin náà fa tépù jáde. Ó di orí kan mú, ìyàwó mi di èkejì. Wọ́n wọn ṣọ́ọ̀bù láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí káńtà mi. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kí ló wà nínú òòró àti ìbú tó ń pani lẹ́rìn-ín? Tépù lorúkọ rẹ̀ láti òní lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹta

Mo bi ìyàwó mi léèrè ohun tí wọ́n ń wọ̀n. Ó ní ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ ni, òun ò gbọdọ̀ sọ ọ́ títí di ọjọ́ ìpàdé. Ìgbìmọ̀! Níwájú oúnjẹ mi!

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹta

Àṣírí ti tú. Ọ̀rẹ́ mi Káfíńtà ló yà sọ́dọ̀ mi, tó ní wọ́n ti pe òun wá wo iṣẹ́ pẹpẹ tuntun. Wọ́n fẹ́ yọ káńtà kúrò. Kí olúkúlùkù gbé agbọ̀n, kó máa rìn káàkiri, kó máa mú ọjà fúnra rẹ̀, kó wá sanwó lẹ́nu ọ̀nà. Bíi kí àlejò máa já wọ yàrá èèyàn.

Káńtà yìí! Bàbá mi wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àwọn oníṣòwò ìgbà náà ń po òkúta mọ́ ìrẹsì, wọ́n ń bu omi lu kẹrosíìnì. Ni àwọn aládùúgbò bá kówó jọ, wọ́n ra iyọ̀ àti ìrẹsì lódidi ọkọ̀, wọ́n pín in nínú ahéré káfíńtà kan, lórí tábìlì tó fi ń fá pákó. Tábìlì yẹn ni wọ́n tún ṣe di káńtà. Orí rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn ṣúgà. Ọmọ ẹgbẹ́ ò tíì lanu tí mo ti gbé ọṣẹ tó fẹ́ sílẹ̀. Mo mọ ẹni tí ọṣẹ pupa ń yún lára.

Bí káńtà bá lọ, níbo lèmi ó dúró sí?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kẹta

Tépù tún wá. Ó fi ife mi mu tíì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kẹta

Wọ́n ní obìnrin ló ń jowú orogún. Irọ́ ni! Èmi ọkùnrin ni ìyálé báyìí, Tépù ni ìyàwó tuntun. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Mo ń ka iye ìgbà tí Alága lo orúkọ rẹ̀ — "ọ̀gá Ẹkùn ní báyìí", "ọ̀gá Ẹkùn ní tọ̀hún" — títí mo fi ṣì ṣúgà wọ̀n.

Lọ́sàn-án mo yọ sí wọn nínú yàrá ẹrù. Wọ́n dákẹ́ lójijì, wẹ́lo. Ẹni tí kò ṣe nǹkan, kí ló ń dákẹ́ fún?

Alága fín lọ́fínńdà jáde. Mo ní, ta lò ń fín in fún? Ó ní, "Ẹ̀yin náà! Ẹ̀yin kọ́ lẹ rà á fún mi ni?" Òótọ́ ni. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kẹta

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe ń di ọjà fún wọn. Mo bi Ìyá Aránṣọ bóyá ó fẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ mú iyọ̀ nísàlẹ̀ pẹpẹ. Ó ní háà, ẹ̀yìn tó ń dun òun yìí? Mo ní, ṣé ẹ wá rí i?

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kẹta

Ọ̀la ni ìpàdé. Alága fẹ́ bá mi sọ nǹkan níbi tó ti ń lọ aṣọ rẹ̀. Mo ní kó lọ sọ ọ́ fún Tépù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹta

Mo borí!

Ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́, àwọn kan jókòó sórí àpò ìrẹsì. Tépù ò wá, ó ní kí ẹ̀ka dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ yanjú. Alága dìde. Ohùn rẹ̀ tutù, gbogbo wọn ń mi orí. Ọdún wo ni wọ́n dákẹ́ fún èmi báyẹn rí? Ó sọ ti pẹpẹ, ó sọ ti agbọ̀n. Ó ní, "Ó ku ohun tó ṣe pàtàkì jù…"

Òfin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa láti ayé àwọn bàbá wa: bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá ní "ẹ jẹ́ ká dìbò", tí ẹnì kejì bá tì í lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ parí, Alága pàápàá gbọ́dọ̀ dákẹ́. Mo pariwo ẹ̀. Káfíńtà tì mí lẹ́yìn. Ìyàwó mi wò mí, ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀.

Ọwọ́ lọ sókè bẹẹrẹ. Káńtà dúró. Wọ́n gbé mi yípo.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kẹta

Ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀. Kó máa bínú lọ.

Ọjọ́ Ajé, 23 Oṣù Kẹta

Tépù dé, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní Ẹkùn ti ń pàdánù tipẹ́. Ẹ̀ka tó bá gbà láti yọ káńtà ni wọ́n lè máa kó ọjà fún. Èyí tó bá kọ̀, títì ni. Wọ́n ó ti tiwa lópin oṣù.

Ìyá Aránṣọ ní, "Ẹ ò ṣe sọ fún wa nípàdé?" Gbogbo ojú ló yí sọ́dọ̀ Alága. Alága ò wo ẹnì kankan. Èmi wo ilẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 26 Oṣù Kẹta

Nírọ̀lẹ́ mo bi ìyàwó mi. Mo ní kí ló wà láàárín ìwọ àti ọkùnrin yẹn.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

"Ẹ̀yin lẹ wà láàárín wa. Ẹkùn fẹ́ mú akọ̀wé ọ̀dọ́ wá sídìí owó, kí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa lọ sinmi. Mo bẹ̀bẹ̀ títí. Mo ní, ọkọ mi mọ gbogbo ilé tó wà níbí, ẹ fi í sẹ́nu ọ̀nà, kí àwọn èèyàn máa rí i kí wọ́n tó jáde. Ọ̀gá Ẹkùn gbà níkẹyìn. Àyè àga yín la fi tépù wọ̀n lọ́jọ́ yẹn. Ìyẹn àti ọ̀rọ̀ títì ni mo fẹ́ sọ tẹ́ ẹ fi ní ká dìbò."

Mo bi í bóyá ó ń bínú. Ó ní rárá, ó kàn rẹ òun ni. Ó ní ẹ̀ka tó wà lápá òdò ti fún òun níṣẹ́, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun ó bẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀. Mo mọ̀. Orúnkún mi tiẹ̀ ti ń tẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé: "Ṣé Tépù náà máa ń wá síbẹ̀?"

Ó dìde, ó bọ́ síta lọ ká aṣọ lórí okùn. Tiẹ̀ nìkan ló ká wọlé.