Orin Tí Eku Jẹ Ìparí Rẹ̀

Sí Ìyáàfin Agnes Birkett àti gbogbo ẹbí,

Ìró bàtà onígi tí ẹ fi ń jó lórí òkúta ilẹ̀ abà, lẹ́yìn tí gòjé ti dákẹ́: òun ló kọ́kọ́ dún létí mi nígbà tí ìròyìn dé pé Wilfrid, ọkọ yín, ti lọ. Ìbànújẹ́ tó bá Ẹgbẹ́ Atagòjé Harradale kò kéré. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ̀wé yìí láti Timaru lókè òkun, nítorí pé nínú àwa tí a máa ń jókòó ní abà yín nígbà náà, èmi nìkan ló ṣẹ́kù.

Wilfrid sin ẹgbẹ́ yìí tọkàntọkàn. Àwọn orin ijó họ́ọ̀npáìpù tí baba ńlá rẹ̀ fi ọwọ́ kọ, tó ti ń jẹrà lọ nínú àpótí ìyẹ̀fun, òun ló gbé wọn jáde, tó sì fi kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá gbé gòjé wá, ìbáà ṣe lásìkò tí ẹ ń rẹ́ irun àgùntàn. Ẹyọ kan wà nínú wọn tí eku ti jẹ ìparí rẹ̀. Wilfrid a ta á débi tí ìwé ya, a gbé ọrun gòjé sókè, ẹ̀yin a sì fi ẹsẹ̀ nìkan jó èyí tó kù títí yóò fi tán. Mo rántí ọjọ́ tí Lancelot Tyson, akọ̀wé wa nígbà náà, sọ pé òun ti rí ìparí tó máa bá a mu. Wilfrid wò ó.

"Lance, ṣé ìwọ leku tó jẹ ẹ́ ni, tó o fi mọ bó ṣe dùn?"

Ẹ̀yin náà ń de bàtà lọ́wọ́, ẹ ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Fi í sílẹ̀, jàre. Ohun tí eku jẹ yẹn lèmi ń jó."

Ẹ kọ̀wé sí ẹgbẹ́ pé àwọn ọmọ fẹ́ kí ẹni tó ń tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì parí orin náà fún ìsìnkú, kó má baà dà bí ẹni pé a já bàbá wọn sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ ní kí a gbà yín nímọ̀ràn. Àwọn ọmọ kò ṣe burúkú, ìfẹ́ ló ń ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dí àlàfo yẹn, àyè tí Wilfrid fi sílẹ̀ fún yín ni wọ́n dí.

Èsì wa nìyí. Lẹ́bàá ibojì, ẹgbẹ́ yóò ta á débi tí Wilfrid máa ń ta á dé, a ó sì gbé ọrun gòjé sókè. Bí ẹsẹ̀ yín bá gbà, ẹ jó o. Bí kò bá gbà, a ó dúró tì yín nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, a ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kánjú fọ́ ọ. Kí Ọlọ́run Olùtùnú wà pẹ̀lú yín níbẹ̀, àti nílé, nígbà tí gbogbo wa bá ti tú ká tán.

Joseph Thwaite,
ní orúkọ Ẹgbẹ́ Atagòjé Harradale