Etí Kànga Tí Mo Fọ̀

Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gíríbì.

Mo purọ́ lónìí, pẹ̀lú irun funfun lórí.

Rùkáyátù, ọmọ yunifásítì tó ń ṣèwádìí nípa nǹkan aláwọ̀ ewé tó hù sétí kànga wa, padà wá láti ha díẹ̀ sí i. Ó ní kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú rẹ̀ tí òun ò rí ní kànga mìíràn títí dé Kúdẹtì. Iṣẹ́ ọdún méjì rẹ̀ dúró lé e. Àmọ́ nítorí pé àlejò ń bọ̀, mo ti fi búrọ́ọ̀ṣì àti bílíìṣì fọ gbogbo rẹ̀ dànù lánàá.

"Bàbá, ta ló fọ ibí?"

"Òjò ni."

"Òjò tó ń rùn bíi bílíìṣì, Bàbá?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó lọ.

Àbí bílíìṣì náà ti kán sínú omi?

Nígbà tí mo fẹ́ ṣe àlùwàlá, mo rí i pé díẹ̀ nínú nǹkan aláwọ̀ ewé náà ṣì wà nídìí kẹ́tù mi, tó máa ń jókòó sétí kànga. Bóyá ọ̀kan náà ni. Màá gbé e lọ fún un láàárọ̀, màá sì sọ pé èmi ni.

Mo ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé kí ẹnikẹ́ni má fọ kẹ́tù náà.