Mi Ò Fi Ọ́ Sọfà fún Gómìnà

Abà Àrówólò,
Ọjọ́ Jímọ̀.

Àkíbù ọmọ mi, ọkọ Zuweira,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé dáadáa lẹ jí ní Mamobi? Ṣé ara Suhaib ọmọ rẹ ti mókun, ṣé ọjà ń tà ní Okaishie, ṣé àwọn ará Akra ò fi Alata tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá bú ọ mọ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ láti ọjọ́ tí o ti kọjá bọ́dà kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ, oníbàárà tó lówó lọ́wọ́ ni yóò máa kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ láràárọ̀, gílóòbù tí o bá sì tà kò ní jó kí wọ́n gbé e padà wá bá ọ. Àmín. Ara èmi náà le, àfi orúnkún tó ń yọ mí lẹ́nu. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì sínú ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn tí ìjọba ń kọ́ fún wa ni mo ń wí, èyí tí kò tíì ní òrùlé. Ewúrẹ́ nìkan ló ń bímọ níbẹ̀ títí di òní.

Má bínú pé mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Lẹ́tà ni mo ní kí Yusif awakọ̀ bá mi mú wá, nítorí mo ti wá mọ̀ pé bí mo bá ti pè ọ́ báyìí, ìjọba ń yọ tiwọn nínú owó ìpè náà. Ẹnu ọkùnrin onígíláàsì kan tí wọ́n rán wá láti olú ìlú ìpínlẹ̀ wa ni mo ti gbọ́ ọ. Ó pe gbogbo abà jọ síwájú mọ́ṣáláṣí, ó ní òun wá ṣàlàyé ètò ìṣúná ọdún tuntun fún wa. Ìṣúná yìí, bó ṣe sọ ọ́, ni pé kí ọdún tó yí, gómìnà á jókòó, á wo iye owó tó máa wọlé, á sì wo ohun tó máa ná an lé. Mo ní ìyẹn dára, èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó lọ sọ́jà. Ó ní owó ń wọlé láti Àbújá, ó ń wọlé láti ara owó orí àwọn òṣìṣẹ́ àti ìsọ̀ ọjà, títí kan ìpè fóònù. Ó ní owó oṣù, ọ̀nà, ilé-ìwé àti mọ́tò àwọn aláṣẹ ni wọ́n ń ná an lé. Gbogbo wa ń mi orí.

Ibi tó ti wá sọ pé ohun tí gómìnà fẹ́ ná lọ́dún tó ń bọ̀ ju èyí tó máa wọlé lọ ni ara ti fu mí. Ó pe èyí tí kò tó náà ní àlàfo, ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni pé wọ́n bímọ nílé wọn. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Mo béèrè bóyá gómìnà ò ní ìyá tó máa bá a wí ni, wọ́n ní kí n jókòó. Mi ò jókòó. Mo ní kí ni wọn yóò fi dí àlàfo náà. Ó ní wọ́n máa yáwó ni. Mo ní ta ló ṣe onídùúró. Ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó ní kí màmá fọkàn balẹ̀, pé kò sẹ́ni tó máa gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, àwọn ọmọ wa àti ọmọ ọmọ wa ni yóò máa san án díẹ̀díẹ̀.

Àkíbù ọmọ mi! Ó yé mi lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n ti fi ọ́ sọfà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ìwọ̀fà. Láyé àtijọ́, bí ẹnì kan bá yáwó, ọmọ rẹ̀ ló máa mú lọ sílé olówó, ọmọ náà á máa roko olówó títí wọ́n á fi san owó náà tán, àgbà tó yá a á sì wà nílé tí á máa ta ayò. Bàbá mi àgbà ṣe é ní kékeré nítorí owó ìsìnkú kan, títí ó fi kú, bí wọ́n bá dárúkọ olówó yẹn, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́. Ìsìnkú yẹn sàn díẹ̀, ẹbí jẹ, wọ́n mu, òun náà rí eegun họ níbẹ̀. Ìwọ ńkọ́, èwo lo jẹ? Orí tó fọ́ àgbọn kì í jẹ ńbẹ̀, tìrẹ ò tilẹ̀ rí àgbọn sójú. Mo rán ọkùnrin náà létí pé ìjọba fúnra rẹ̀ ló fòfin de ìwọ̀fà láyé òyìnbó. Mo ní ṣé wọ́n kàn gbà á lọ́wọ́ wa kí àwọn lè máa ṣe é ni.

Ó ní ọ̀rọ̀ náà ò yé mi, pé kò sẹ́ni tó máa wá mú ẹnikẹ́ni. Baálẹ̀ ní kí n má dójú ti abà. Mo ní bó bá jẹ́ ọmọ ni wọ́n fẹ́, gómìnà náà bímọ, kó kọ́kọ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀. Mo ní àti pé Zuweira ti sọ fún mi pé ìjọba Gánà náà yáwó, wọ́n sì ń gba owó orí lọ́wọ́ rẹ, ẹnì kan ò sì lè ṣe ìwọ̀fà olówó méjì, ọjọ́ wo ni yóò wá roko tara rẹ̀? Ọkùnrin náà ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún gómìnà, ó wọ mọ́tò rẹ̀. Mọ́tò náà tuntun, ó ń dán. Mo rò pé lára àlàfo náà nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti wù mí. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ sí ọ ni pé kí o má wálé fún Iléyá mọ́, torí bí o bá fẹsẹ̀ kan bọ́dà, wọ́n á ti máa dúró dè ọ́. Kí o jókòó sí Mamobi, bí ẹnikẹ́ni bá sì wá béèrè ọmọ abà wa ní Okaishie, kí o fi Twi, èdè wọn níbẹ̀, dá a lóhùn, kí o ní Mutala ni wọ́n ń pè ọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti fojú kàn ọ́, ó dùn mí dọ́kàn, ṣùgbọ́n mo ní ó sàn kí n má rí ọ ju kí olówó rí ọ lọ.

Mo ti pa ìyẹn rẹ́. Kí ni ẹni tí kò jẹ gbèsè ń sá fún? Wálé. Ọ̀sán gangan ni kí o wọ abà, kó Zuweira àti àwọn ọmọ dání, kí o sì wọ agbádá. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọ yóò bá mi lẹ́nu ọ̀nà.

Kí o tó dé, èmi àti àwọn ìyá tó lọ́mọ lẹ́yìn odi ń lọ sí ilé aṣòfin. Àmínà, tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Kùmásí, ń bọ̀, Habiba náà ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn aṣòfin máa ń gba ará ìlú láyè láti wá sọ tẹnu wọn kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìṣúná náà. A máa jókòó síbẹ̀ títí wọ́n á fi yọ ẹ̀yin ọmọ wa kúrò nínú rẹ̀. Bí kò bá ṣeé yọ, kí wọ́n fi ohun tí wọ́n fi yín rà hàn wá. Bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ni, kí wọ́n kàn án lórùlé.

Nítorí náà, fún Yusif lówó ọkọ̀ wa, má fi fóònù rán an. Fi owó oúnjẹ kún un, mo gbọ́ pé àwọn aṣòfin kì í tètè dé. Fi iná alágbèéká kan láti ṣọ́ọ̀bù rẹ kún un pẹ̀lú, bóyá a máa sùn síbẹ̀.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí o jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Suhaib kò ní san gbèsè ohun tí kò jẹ. Ìwọ lo máa sin mí, mi ò ní sin ọ́. Nígbà tí bàbá rẹ kú, tí a ò ní owó ọkọ̀ tó máa gbé e wálé, olówó kan ní kí n fi ọ́ sílẹ̀ fún òun, kí òun yá mi. Ẹsẹ̀ ni a fi gbé bàbá rẹ dé ilé. Mi ò fi ọ́ yáwó láti sin ọkọ mi, gómìnà ò ní fi ọ́ yáwó láti ra mọ́tò.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àjọkẹ́.