Orúkọ Tí Mo Kọ Sí Fọ́ọ̀mù Ọnọrébù

Ọjọ́ Ajé, 9 Òkúdu

Gbólóhùn tún rántí mi lónìí. Ọnọrébù Luke Ògúnjìmí ni, aṣòfin ẹkùn ìdìbò wa. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní Gbólóhùn: nígbà tó wà ní kíláàsì mi, tó bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan, agogo oúnjẹ á lù kó tó rí ibi tí yóò parí rẹ̀ sí. Ó ti di Olóyè báyìí, ó ti di Dókítà (yunifásítì wo, n kò bi í). Kò tíì rí ibi parí gbólóhùn.

Ó rán akọ̀wé rẹ̀ wá, Tijésùnimí. Ọmọ gidi, ó kúnlẹ̀ kí mi, fóònù méjì lọ́wọ́ kan. Ó ní, "Dádì, Ọnọrébù ní kí ẹ bá wa túmọ̀ ìwé ìjábọ̀ fún aráàlú sí Yorùbá, bí ẹ ṣe máa ń ṣe é." Ojú ìwé méjìlá. Àwòrán Gbólóhùn mọ́kàndínlógún — mo kà wọ́n.

Fọ́ọ̀mù kan wà pẹ̀lú ẹ̀. Ọnọrébù fẹ́ san owó adójútòfò ìlera fún ogójì àgbà ní Agbowó. Ẹni tó bá ti ní káàdì náà, ọsíbítù ìjọba yóò tọ́jú rẹ̀, wọn kò ní ní kó kọ́kọ́ sanwó. Kí n bá wọn kọ orúkọ àti ọjọ́ orí. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ àwọn àgbà àdúgbò yìí bí èmi.

Òótọ́ ni. Orí àga mi ni mo jókòó sí tí mo fi kọ ogójì, n kò dìde, tíì mi kò tíì tutù. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣì dára. Mo gbé fọ́ọ̀mù náà jìnnà díẹ̀, mo wò ó, ó wù mí. Ìyá Lateefat ni mo fi ṣe ẹni àkọ́kọ́. Ara mi ni mo fi ṣe ogójì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Òkúdu

Mo túmọ̀ ojú ìwé mẹ́ta. "Ìdàgbàsókè mánigbàgbé irú èyí tí ojú kò rí rí" — gọ́tà kan ni. Mo mọ gọ́tà náà. Ó ti dí.

Ọjọ́bọ̀, 12 Òkúdu

Ẹsẹ̀ Ìyá Lateefat kò dára rárá.

Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé tó kọjú sí tèmi ló ti ń ránṣọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi fọ́tókọ́pì. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀. Ó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pààrọ̀ síìpù, ó ń bá wọn dín ṣòkòtò kù. Ọdún méjìlélógún la ti jọ ń kí ara wa láàárọ̀. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Egbò ti wà ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ṣáájú Iléyá, dókítà sì ti ní àfi kí wọ́n gé ẹran tó ti kú kúrò kíákíá, kí egbò má baà gun ẹsẹ̀ lọ.

Lateefat, ọmọ rẹ̀, wọkọ̀ wá láti Ìlọrin. Ó fẹ́ ta ẹ̀rọ ìránṣọ, kó sì gbé e lọ sí ọsíbítù lọ́la. Ìyá ní òun kò ta ẹ̀rọ. Tí òun bá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ọsíbítù, kí ni òun fẹ́ máa fi jẹun? Wọ́n ní kí Tísà dá sí i.

Tísà dá sí i. Mo ní kí wọ́n dúró. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, káàdì á dé, kò ní sí pé à ń ta nǹkan kan. Lateefat wò mí. "Ṣé ó dá yín lójú, sà?" Mo ní ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ orúkọ wọn, àwọn ni ẹni àkọ́kọ́.

Wọ́n dúpẹ́. Ìyá tún ní kí n mú ṣòkòtò mi aláwọ̀ eérú wá, òun ti rí i pé etí rẹ̀ ń tú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Òkúdu

Ìpàdé ìjábọ̀ Ọnọrébù, ní gbọ̀ngàn kan ní Bódìjà. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àbádòfin mẹ́ta ló ní láti sọ fún wa: ọ̀kan ti dé kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì, ọ̀kan wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀, ìkẹta, ó fọwọ́ lu àyà, "ń bẹ nínú ọkàn mi." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún èyí tó wà nínú ọkàn ju àwọn méjì yòókù lọ.

Ó ní kí n dìde. Tísà tó kọ́ òun ní gbogbo ohun tí òun mọ̀ — ẹ̀sùn ńlá, ṣùgbọ́n mo tẹríba. Ó wá sọ ìtàn òdo. Lọ́dún 1987, ìdánwò ní kí wọ́n dáhùn ìbéèrè mẹ́ta, òun dáhùn méje, mo fún òun ní òdo. "Tísà ní, Ògúnjìmí, ẹni tí kò ka ìtọ́ni kò ṣe ìdánwò." Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín. Inú mi tilẹ̀ dùn pé ó ṣì rántí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé káàdì jáde, èyí tí wọ́n fi páálí ṣe fún àwọn ayàwòrán, tó ga tó ìlẹ̀kùn. Ìyá Lateefat ni wọ́n pè, torí òun ni ìkíní. Ó fi gìgísẹ̀ tẹ̀ dé orí pèpéle, ó di etí páálí kan mú, Gbólóhùn di etí kejì mú. Ó padà wá jókòó tì mí: "Tísà, ibo ni wọ́n fẹ́ kí n rọ eléyìí sí? Kò lè wọ ilé mi àfi tí èmi bá jáde."

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Òkúdu

Ọ̀sẹ̀ méjì ti pé. Káàdì gidi kò tíì dé. Tijésùnimí ní wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ìyá ti ń da lọ́fínńdà sí aṣọ tó fi di ẹsẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dúró de fọ́tókọ́pì ti sún bẹ́ǹṣì jìnnà sí i díẹ̀. Wọ́n kàn sún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Agẹmọ

Káàdì dé. Ogójì, nínú ápòòwé kan. Ti Ìyá Lateefat: orúkọ ìdílé, IYA. Orúkọ rẹ̀ gan-an, LATEEFAT. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ wo kọ̀ǹpútà, kò mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Ṣùgbọ́n káàdì ni káàdì. Ọ̀la la máa lọ.

Ọjọ́rú, 2 Agẹmọ

Kẹ̀kẹ́ ni a wọ̀, èmi, òun àti Lateefat. Akọ̀wé tó wà nídìí kọ̀ǹpútà nílé ìwòsàn náà tẹ nọ́ńbà, ó tún un tẹ̀. Ó ní orúkọ orí káàdì yìí kò bá ti káàdì ìdánimọ̀ ìjọba mu, ẹ̀rọ kò gbà á. Kò bínú, kò ṣe fáàrí. Ó ní òun ti rí méjì bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, orúkọ ìdílé àwọn méjèèjì ni Ìyá, láti Agbowó.

Ó wá bi í: "Màmá, ẹ má bínú, kí ni orúkọ yín gan-an?"

Ìyá wo ẹ̀yìn. Ó wò mí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó bọ́ṣọ níwájú àlejò. "Moróunkẹ́. Moróunkẹ́ Ajíbóyè."

Ọdún méjìlélógún. N kò mọ̀ ọ́n. Ó kéré sí mi lọ́dún mẹ́ta, ṣùgbọ́n ta ni yóò bi ìyá ọlọ́mọ léèrè orúkọ?

Àtúnṣe á gba ọjọ́ iṣẹ́ mọ́kànlélógún. Wọ́n wẹ egbò, wọ́n ní ká lọ mú owó wá tàbí káàdì tó pé. Dókítà pe Lateefat sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tó padà wá, ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ kẹ̀kẹ́ ló lọ jókòó sí títí a fi délé.

Ọjọ́bọ̀, 3 Agẹmọ

Mo pe Tijésùnimí ní kùtùkùtù, mo bá a wí bí ẹni pé ọmọ kíláàsì kẹta ni. Irú ọ́fíìsì wo lẹ ní, tí ẹ ò lè kọ orúkọ arúgbó kan dáadáa? Ó ní, "Ẹ má bínú, Dádì." Ó fi àwòrán kan ránṣẹ́ sórí Wásáàpù.

Fọ́ọ̀mù ni. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi, ó gún régé. Ìyá Lateefat. Bàbá Akíndúró. Ìyá Ẹwàolúwa. Lókè pátápátá, lábẹ́ àwòrán Gbólóhùn, ìlà kékeré kan: kí orúkọ kọ̀ọ̀kan rí bó ṣe wà lórí káàdì ìdánimọ̀ ìjọba, láìyọ lẹ́tà kan.

N kò ka ìtọ́ni.

Nígbà tí mo jáde, wọ́n ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sẹ́yìn ọkọ̀ kan. Lateefat ti tà á. Abẹ́ àtẹ̀gùn ṣófo, àfi òwú díẹ̀ nílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Agẹmọ

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Kì í ṣe àtàǹpàkò. Láti òkè orúnkún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Agẹmọ

Mo lọ wò ó. Ara rẹ̀ gbóná, ojú rẹ̀ ti wọnú. Dókítà ní oró egbò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó gé e. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Moróunkẹ́."

Ó rín díẹ̀. "Tísà, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́, n kò ní mọ̀ pé èmi ni. Ẹni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn ti wà nínú ilẹ̀ ní Ìgbòho." Ó béèrè ṣòkòtò mi. Ó ti parí etí rẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ lọ, ó wà nínú báàgì nílé. Ó ní, "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dúró tì wá."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Mo ṣí ẹnu. Nọ́ọ̀sì wọlé. Mo gba nọ́ọ̀sì láyè bí ẹni tí wọ́n dá nídè.

Ọjọ́ Ajé, 7 Agẹmọ

Ó kú ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Wọ́n sin ín kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́.

Obìnrin kì í bá wọn dé ibojì, nítorí náà Lateefat wà nílé. Àáfà béèrè orúkọ olóògbé. Àwọn ọkùnrin àdúgbò wo ara wọn. Ìyá Lateefat, ni ẹnì kan wí. Àáfà ní òun mọ ìyẹn, orúkọ rẹ̀ gan-an ńkọ́? Ọkùnrin mẹ́rìnlá, onílé, ayálégbé, ẹni tó ti wọ aṣọ tó rán. Èmi, tí mo jẹ́ Onítẹ̀bọmi, ni mo dáhùn. Wọ́n wò mí bí ẹni tó jí orúkọ náà.

Gbólóhùn tẹ̀ mí láago. Ó ní, "Sà, mo gbọ́. Mo lọ sí ọ́fíìsì adójútòfò fúnra mi ní ọjọ́ Ẹtì. Ó ti pẹ́ jù. Ẹ jọ̀ọ́." Gbólóhùn mẹ́rin, ó parí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ì bá wù mí kó sọ ọ́ gùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Agẹmọ

Mo lọ kí Lateefat. Mo sọ fún un pé èmi ni mo kọ orúkọ náà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe kọ̀ǹpútà.

Ó ń ká aṣọ ìyá rẹ̀. Kò dáwọ́ dúró. Ó ní òun mọ̀, Tijésùnimí ti fi fọ́ọ̀mù han òun ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní òun sọ fún ìyá òun lálẹ́ ọjọ́ náà. "Màámi ní kí n má jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àwọ́n gbọ́. Wọ́n ní ojú á tì yín."

Ó fún mi ní ṣòkòtò mi. Ó ti lọ̀ ọ́.

Ọjọ́rú, 9 Agẹmọ

Ìwé ìjábọ̀ tuntun dé láti túmọ̀. Ojú ìwé kejì: Ìyá Lateefat àti Gbólóhùn pẹ̀lú páálí. "Ogójì àgbà ní Agbowó ti ń jẹ àǹfààní ìtọ́jú." Mo fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá. Mo kọ ọ́ báyìí sábẹ́ àwòrán náà: Moróunkẹ́ Ajíbóyè, aránṣọ, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Káàdì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Ó kú ní ọjọ́ keje oṣù yìí. Mo fi ránṣẹ́. Bóyá wọ́n á tẹ̀ ẹ́, bóyá wọn ò ní tẹ̀ ẹ́, n kò mọ̀.

Mo mú káàdì tèmi lọ sí ọsíbítù kan náà. Akọ̀wé ọjọ́sí tẹ nọ́ńbà, ojú kọ̀ǹpútà sì di àwọ̀ ewé lẹ́ẹ̀kan náà. Àyànṣọlá, Simon Bándélé. Lẹ́tà kan kò yẹ̀. Ó ní, "Bàbá, tiyín pé. Kí ni ẹ fẹ́ kí dókítà bá yín wò?"

Mo ní kò sí nǹkan kan.

Mo délé, mo gbé àwòrán fọ́ọ̀mù náà síwájú. Nínú ogójì, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló jẹ́ Ìyá Lágbájá àti Bàbá Lágbájá. Ẹnì kan ti lọ. Ó ku mẹ́tàlélọ́gbọ̀n; yàtọ̀ sí àwọn méjì tí akọ̀wé ti rí, káàdì wà lábẹ́ ìrọ̀rí wọn, ọkàn wọn sì balẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 10 Agẹmọ

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ilé Bàbá Akíndúró, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, awakọ̀ àtijọ́. Ó fún mi ní àga. Mo ní orúkọ wọn ni mo wá bi wọ́n.

"Orúkọ tèmi kẹ̀? Tísà, kí ni mo fi ṣe yín?"

Ó rò pé mo wá fojú di òun. Nítorí náà mo sọ gbogbo rẹ̀ — fọ́ọ̀mù, tíì tí kò tíì tutù, ìlà kékeré òkè, Ìyá Lateefat, ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ní kí wọ́n dúró. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, ó béèrè pé ilé mélòó ni mo ti dé. Mo ní tiwọn ni àkọ́kọ́.

Ó wọ yàrá lọ. Ó pẹ́. Mo rò pé kò ní jáde mọ́. Ó jáde pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ nínú ọ̀rá, ó gbé e lé orúnkún mi, lórí ṣòkòtò aláwọ̀ eérú náà.

Ó ní, "N kò ní pè é fún yín. Ẹ kà á fúnra yín."

Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà.