Bí Bàbá Onílé Wa Ṣe Joyè Nítorí Ikọ́

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí Bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n mi Àdùkẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ìwé yìí sí gbogbo ẹbí létí.

Àlàáfíà ni ọmọ wà. Mo tètè sọ ìyẹn kí àyà yín má baà já, torí ọ̀rọ̀ ikọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Ọyẹ́ Kánò lọ́dún yìí kì í ṣe kékeré. Ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní France Road, n kì í dá oníbàárà mọ̀ nínú eruku àfi tó bá sọ̀rọ̀. Inú eruku yìí ni ikọ́ kan gbà wọ ilé wa, kò sì pẹ́ tí ìdajì àwọn ayálégbé fi ń hú u. Ẹ mọ iye ọdún tí mo fi wá ọmọ yìí. Mo tilẹ̀kùn mọ́ ara mi àti òun.

Tíṣà Láyí, ayálégbé wa tó ń kọ́ni ní ìṣirò, ló ní ẹ̀pà lè gbà wá. Mo rò pé jíjẹ ni. Ó da ẹ̀pà sórí tíréè ńlá, ẹ̀pà kọ̀ọ̀kan dúró fún ẹnì kan nínú ilé: èyí tó ti bó ń húkọ́, èyí tó wà nínú èèpo ara rẹ̀ dá. Ó fi ẹfun fa ìlà láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹni tó máa ń bá pàdé lójúmọ́. Ó ní bí a bá ya àwòrán ọ̀nà tí àìsàn ń gbà, a ó mọ ibi tí a ó ti dè é. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, Ìyá Bọ́lá, ayálégbé bíi tiwa, ti ju aláìsàn méjì sẹ́nu.

Orí ẹ̀pà kan ṣoṣo ni gbogbo ìlà pàdé: Bàbá onílé! Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, àárọ̀ kan kì í sì í yẹ̀ kó má lọ láti yàrá dé yàrá, kó di èèyàn lọ́wọ́ méjèèjì mú, kó kí i ní èdè Hausa pé “Ina kwana?”, kó tún béèrè àlàáfíà títí dórí adìyẹ. Tíṣà ní bí Bàbá bá lè jókòó síbì kan, ikọ́ náà yóò máa rọlẹ̀.

Ta ni yóò sọ fún un? Ọkọ mi gbìyànjú. Bàbá ní ìkíni kò pa ẹnikẹ́ni rí, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ pẹ̀lú agbára. Láìpẹ́, ọkọ mi ń húkọ́. Ó kó lọ sùn sí ṣọ́ọ̀bù mi, èmi sì jókòó, mo sunkún.

Ẹkún yẹn ló la ojú mi. Mo lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá lókèèrè, mo ní gbogbo ayálégbé fẹ́ fi Bàbá jẹ Sarkin Gida, olórí ilé wa. Mo ní olóyè kì í lọ kí ará ìlú lẹ́nu ọ̀nà; àwọn ni yóò dúró lọ́nà jíjìn, wọn á na ìkúùkù sókè, wọn á ní “Ranka ya daɗe!”, kí ẹ̀mí rẹ̀ gùn. Bàbá wá béèrè bóyá àga onítìmùtìmù ni a ó gbé fún òun.

A gbé àga náà sábẹ́ igi dógóyárò. Bàbá wé láwàní, ó jókòó, ikọ́ sì ń kúrò ní yàrá kan tẹ̀ lé èkejì. Ọkọ mi ti padà wálé. Ọmọ kò tilẹ̀ sín. Tíṣà nìkan ni ikọ́ tún dá dúbúlẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀: òun tó ń lọ láti yàrá dé yàrá béèrè ẹni tó ń húkọ́ gbàgbé láti mú ẹ̀pà kan fún ara rẹ̀. Ara òun náà ti yá.

A ní kí Bàbá máa bọ̀ nílẹ̀ wàyí. Ó ní wọn kì í rọ olóyè tí kò ṣẹ̀. Lánàá, mo gbé ọmọ lọ hàn án fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó kọ́kọ́ mi orí bí ọba. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ará ìlú rẹ̀ kankan nítòsí, ló bá sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó gba ọmọ mọ́ra, ó ń jó.

Ìyá mi, ẹ óò jẹun ọmọ pẹ́. Ọ̀fọ̀ kò ní ṣẹ̀ wá. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé wa.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́, ní Sabon Gari.